Dùùrù Tí Kì í Fa Ohùn: Orin Àkọsílẹ̀ fún Dùùrù Àdátẹ̀, láti Harpsichord dé Oko Ìbàdàn

Ìfáárà

Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. A máa ń fa òwe yìí yọ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ ìjìnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà kíyè sí. Àgídìgbo kì í ṣe dùndún. Kò ní ọṣán tí onílù lè fún mọ́ra kí ohùn ròkè, tàbí kí ó dẹ̀ ẹ́ kí ohùn rodò. Àpótí igi ni, tí a de irin pẹlẹbẹ mélòó kan mọ́ lójú. Ìka ni a fi ń ta àwọn irin náà, irin kọ̀ọ̀kan kò sì ní ju ohùn kan ṣoṣo lọ. Síbẹ̀, Yorùbá gbà pé ó ń pa òwe. Báwo ni ohun èlò tí kì í fa ohùn ṣe ń sọ èdè tí ó jẹ́ pé ohùn ni ó gbé e ró?

Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé lọ sínú ìtàn tí ó dà bí ẹni pé ó jìnnà sí àgídìgbo, èyíinì ni ìtàn orin àkọsílẹ̀ fún dùùrù àdátẹ̀. Ohun tí a ń pè bẹ́ẹ̀ ni orin tí ẹnì kan ṣoṣo ń fi ìka mẹ́wàá tẹ̀ lórí dùùrù, láìsí akọrin, láìsí onílù, tí ẹni tí ó ṣe é sì ti kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹlòmíràn lè tẹ̀ ẹ́. Kókó méjì ni a ó fi ìdí wọn múlẹ̀. Èkíní ni pé ìṣòro tí ó dojú kọ àwọn tí ó kọ orin fún harpsichord ní Yúróòpù jẹ́ ìbátan èyí tí ó dojú kọ àwọn akọrinsílẹ̀ Yorùbá, àti pé ọ̀dọ̀ àwọn onílù ni àwọn akọrinsílẹ̀ Yorùbá ti rí ìdáhùn tiwọn. Èkejì ni pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe wà nínú ewu lónìí, nítorí pé ìwé tí ó gbé e dání ti ṣọ̀wọ́n. Àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká, ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ni a ó fi ṣe òṣùwọ̀n, torí ibẹ̀ ni a ti lè rí i kedere ibi tí ìwé náà dé àti ibi tí kò dé.

Harpsichord àti ìwé rẹ̀

Láti nǹkan bí ọdún 1500 títí di apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, harpsichord jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn dùùrù tí wọ́n ń tẹ̀ nínú ilé ní Yúróòpù. Bí a bá wò ó láti òde, ó jọ piano: ó ní ìtẹ̀ fún ìka, ó sì ní wáyà tí a nà sínú àpótí igi gígùn. Inú ni wọ́n ti yàtọ̀. Òòlù kéékèèké ni ó ń lu wáyà piano. Bí ìka bá tẹ̀ ẹ́ kíkan, yóò dún kíkan, bí ó bá sì tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, yóò dún jẹ́jẹ́. Ní ti harpsichord, ṣóńṣó ìyẹ́ ẹyẹ ni ó ń ta wáyà. Bí ìka ti wù kí ó le tó, bákan náà ni agbára ìró tí yóò jáde, kò sì ní pẹ́ tí ìró náà yóò fi kú. Ẹni tí ó mọ àgídìgbo yóò ti rí ìbátan àwọn méjèèjì. Bí òwe tilẹ̀ pe àgídìgbo ní ìlù, títa ni à ń ta á.

Nígbà tí ohun èlò kò lè fi agbára ìró sọ̀rọ̀, àwọn tí ó ń kọ orin fún un ní láti wá ọ̀nà mìíràn. François Couperin, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó gbé ayé láti 1668 sí 1733, tẹ ìwé kan jáde ní 1716 láti kọ́ni bí a ṣe ń fi ọwọ́ kan harpsichord. Ó gbà nínú rẹ̀ pé ìró ohun èlò náà kò lè pọ̀ sí i, kò sì lè dín kù. Oògùn tí ó lò sí i ni ìdákẹ́: kí a gé ìró kan kúrú díẹ̀ ṣáájú àsìkò rẹ̀, tàbí kí a dá ìró kan dúró díẹ̀ kí ó tó wọlé. Etí olùgbọ́ yóò wá fúnra rẹ̀ fi ìwúwo kún un. Ó tún lo oríṣiríṣi àmì fún ọ̀ṣọ́ orin, ó sì ti ṣàlàyé wọn nínú ìwé orin rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1713, kí ẹni tí yóò tẹ orin náà má baà ṣe é bí ó ti wù ú.

Àwọn ẹlòmíràn gba ọ̀nà tiwọn. Domenico Scarlatti, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tí ó lo púpọ̀ nínú ayé rẹ̀ ní ilẹ̀ Potogí àti Sípéènì, fi sónátà 555 sílẹ̀. Ọgbọ̀n nínú wọn jáde ní ìwé títẹ̀ ní 1738. Àtúnwí kíákíá ló kún inú púpọ̀ nínú wọn: gbólóhùn orin kúkúrú kan yóò wáyé, yóò tún wáyé, kí ó tó yí padà. J. S. Bach ti ilẹ̀ Jámánì tẹ orin tí a mọ̀ sí Goldberg Variations jáde ní 1741. Orin kan ṣoṣo ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, ó sì pa á dà lọ́nà ọgbọ̀n. Bach yìí kan náà àti àwọn ìgbà rẹ̀ kọ toccata púpọ̀. Ọ̀rọ̀ èdè Ítálì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ohun tí a fi ọwọ́ kàn lọ. A ó tún pàdé orúkọ náà níwájú.

Piano lé harpsichord kúrò lóde. Ọ̀rúndún ogún ni ó tó padà sí gbọ̀ngàn orin, àwọn akọrinsílẹ̀ tuntun sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin fún un. Ní 1968, György Ligeti, ọmọ ilẹ̀ Hungary, kọ Continuum. Orin náà yára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìró wẹ́wẹ́ fi ń dà pọ̀ létí bí ìró kan tí ń ṣàn. Ní àwọn ọdún 1980, Ligeti yìí ń tẹ́tí sí orin àwọn ènìyàn Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, ẹ̀kọ́ tí ó rí kọ́ níbẹ̀ sì hàn nínú àwọn orin tí ó kọ fún piano. Láti ọ̀dọ̀ Couperin dé ọ̀dọ̀ Ligeti, nǹkan kan náà ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé: àsìkò tí ìró wọlé, àsìkò tí ó dákẹ́, àti iye ìgbà tí a tún un wí. Onílù Yorùbá kankan kò ní ka èyí sí àjèjì.

Dò-rè-mí ní oko Ìbàdàn

Harpsichord ti kúrò lóde ní Yúróòpù kí ìjọ Kírísítẹ́nì tó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Harmonium, organ àti piano ni ó bá ìjọ dé. Ní 1853, David Hinderer ti CMS àti aya rẹ̀ Anna tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn. Ní ọdún yẹn kan náà ni Adolphus Mann ti CMS àti Thomas Jefferson Bowen ti ìjọ Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìjàyè, tí ó wà ní àgbègbè Akínyẹlé lónìí. Iṣẹ́ ti Ìjàyè kò pẹ́ lọ títí, nítorí pé ogun Ìbàdàn pa ìlú náà run ní 1862. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlàáfíà padà dé, ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ tọ àwọn àgbẹ̀ lẹ́yìn lọ sí oko. Ẹni tí ó ní ilé ní Ìbàdàn ní oko ní ọ̀nà Akánrán, tàbí Lálúpọn, tàbí Ẹ̀rúnmu. Bí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀ ni orin ìjọ náà ń lọ tí ó ń bọ̀. Ní abúlé, ẹnì kan náà ni ó sábà máa ń jẹ́ tíṣà, olùkàwé ìjọ àti olórí akọrin.

Irú àkọsílẹ̀ orin tí ó gbilẹ̀ ní ọwọ́ irú tíṣà bẹ́ẹ̀ ni dò-rè-mí, èyí tí John Curwen tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Lẹ́tà lásán ni àmì rẹ̀. A lè fi ẹfun kọ ọ́ sára pátákó, a sì lè fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ́ akọrin tí ohùn rẹ̀ pín sí mẹ́rin yóò fi í kọ́ orin tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹnì kan ṣoṣo bá ń kọ ohùn kan ṣoṣo ni dò-rè-mí dára jù lọ. Ìka mẹ́wàá tí ń tẹ ohùn márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan ń pẹ́ tí òmíràn ń yára, kò rọrùn láti kọ ní lẹ́tà. Orin dùùrù àdátẹ̀ ń béèrè àkọsílẹ̀ onílà márùn-ún, ìyẹn sì ń béèrè olùkọ́, ọdún púpọ̀, àti dùùrù tí a ó fi kọ́ ọ. Níbi tí àwọn nǹkan wọ̀nyí kò sí, etí ni olùtẹ̀ dùùrù fi ń ṣiṣẹ́. Báyìí ni ìwé orin ṣe pín àwọn ènìyàn sí méjì: akọrin abúlé lè ka ìwé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé orin dùùrù wà ní kàtídírà àti yunifásítì.

Ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá ronú lórí dò-rè-mí yìí dáadáa, nítorí pé àwa náà ń lò ó. Òun ni a fi ń kọ́ ọmọdé ní ohùn ìsàlẹ̀, àárín àti òkè. Ọkọ jẹ́ re-re, ọkọ́ jẹ́ re-mi, ọkọ̀ jẹ́ re-do, ọ̀kọ̀ sì jẹ́ do-do. Kò sí àgbẹ̀ ní Akánrán tí yóò ṣi ọkọ́ tí ó fi ń ro oko mú fún ọ̀kọ̀. Àmọ́ bí a bá gbé orin tí a ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì wọ ọ̀rọ̀ Yorùbá láìwo ohùn rẹ̀, nǹkan tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ gan-an nìyẹn: ẹnu ń sọ ọ̀kan, ohùn ń sọ òmíràn. Láti inú wàhálà yìí ni orin dùùrù Yorùbá ti ṣẹ̀.

Phillips àti Sowande

T. K. E. Phillips, tí a bí ní 1884, kọ́ ìmọ̀ orin ní Trinity College of Music ní London, ó sì di olùtẹ̀ dùùrù àti ọ̀gá orin ní Christ Church, Marina, Èkó, ní 1914. Ó wà níbẹ̀ títí di 1962. Nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, tí ó jáde ní 1953, ó ṣàlàyé pé ohùn orin Yorùbá gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Orin ìjọ ni ó fi ìlànà yìí ṣe jù lọ, ṣùgbọ́n ó tún kọ orin fún organ nìkan. Lára rẹ̀ ni ọ̀kan tí ó gbé ka orí orin ìbílẹ̀ nípasẹ̀ passacaglia, ìlànà àtijọ́ láti ìgbà harpsichord, nínú èyí tí gbólóhùn kan ti ń tún ara rẹ̀ wí ní ìsàlẹ̀ nígbà tí àwọn ohùn òkè ń yí padà. Kí ni ìyẹn bí kò ṣe iṣẹ́ omele lábẹ́ ìyá-ìlù?

Fẹlá Sówándé, tí a bí ní 1905, ti ọwọ́ Phillips kọ́ṣẹ́ nínú ìjọ yìí kí ó tó lọ sí London ní àwọn ọdún 1930. Ó gba ìwé ẹ̀rí tí ó ga jù fún olùtẹ̀ organ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1943. Wọ́n tẹ Kà Múra, orin rẹ̀ fún organ, ní London ní 1945. Oyígíyigì sì jáde ní New York ní 1958. Oyígíyigì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìfáárà, ó gbé orin ìbílẹ̀ Yorùbá kan kalẹ̀, ó sì wá ń pa á dà lọ́nà oríṣiríṣi. Ìlànà Goldberg ni, tí ó ti wọ aṣọ òfì. Ní àárín àwọn ọdún 1960, Sówándé ń ṣe ìwádìí lórí ìmọ̀ ìbílẹ̀ Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí kò jìnnà rárá sí Mọníyà àti àwọn oko Akínyẹlé.

Ìṣòro kan wà tí orin ìjọ kò ní kọ́ wọn láti yanjú. Nínú orin tí ó ní ọ̀rọ̀, ẹnu akọrin lè yọ́ láti ohùn kan sí òmíràn, yóò sì fún ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Organ kò lè yọ́. Ohùn rẹ̀ dúró ṣinṣin bí òpó, títẹ̀ kíkan kò sì mú un dún kíkan sí i. Nínú èyí, ó sún mọ́ harpsichord ju piano lọ. Nítorí náà, nígbà tí Sówándé gbé orin tí gbogbo ènìyàn mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún organ, ó fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún olùgbọ́. Ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ náà yóò gbọ́ ọ lábẹ́ ìró. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò gbọ́ orin lásán. Ọlọ́gbọ́n jó o, ọ̀mọ̀ràn mọ̀ ọ́n.

Bánkọ́lé àti Euba

Ayọ̀ Bánkọ́lé àti Akin Euba jọ jẹ́ ọmọ ọdún 1935. Bánkọ́lé kàwé ní Guildhall ní London àti ní Yunifásítì Cambridge. Euba lọ sí Trinity College of Music bíi ti Phillips. Bánkọ́lé kọ Toccata and Fugue fún organ ní 1960. Orúkọ iṣẹ́ náà nìkan ti tó láti fi hàn pé ó mọ̀ pé ọ̀nà Bach ni òun ń rìn. Ó kọ àwọn sónátà fún piano pẹ̀lú. Èkejì wọn, tí ó pè ní The Passion, ti ọdún 1959 ni. Ikú mú un lọ ní 1976, kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì lọ.

Euba ni ó sọ ọ̀nà yìí di ẹ̀kọ́. Láti nǹkan bí 1970 ni ó ti ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà ìtẹ̀ piano tí ó jẹ́ ti Áfíríkà. Èrò rẹ̀ ni pé piano fúnra rẹ̀ ti ní ìbátan pẹ̀lú ohun èlò Áfíríkà, àwọn tí a ń lù àti àwọn tí a ń fi ìka ta. Ohun tí akọrinsílẹ̀ ní láti ṣe ni kí ó mú ìbátan náà jáde. Ó dárúkọ àtúnwí, yíyá orin àti bátànì ìlù ní tààrà, àti mímú kí piano hùwà bí ìlù. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti orí ìwé nìkan. Ní 1963 ó ti kọ Igi Nla So fún piano pẹ̀lú àwọn ìlù Yorùbá. Scenes from Traditional Life, fún piano nìkan, tẹ̀ lé e ní 1970. Iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tí ó ṣe ní Yunifásítì Ghana, tí ó parí ní 1974, dá lórí dùndún.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹgbẹ́ dùndún wé ọwọ́ méjì olùtẹ̀ dùùrù. Ìyá-ìlù ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Òun ni ó ń fa ohùn. Ṣùgbọ́n gúdúgúdú kò ní ọṣán tí a ń fún. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ó di àsìkò mú, kí ó máa tún bátànì rẹ̀ wí láìyẹsẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ìyá-ìlù lè ní ilẹ̀ tí yóò dúró lé. Nínú Scenes from Traditional Life, Euba kò wá bí piano yóò ṣe sín ìyá-ìlù jẹ. Inú ìlànà ohùn méjìlá tí àwọn akọrinsílẹ̀ Yúróòpù dá sílẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún ni ó ti mú ohùn orin náà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìlù Yorùbá ni ó ti mú ìrìn rẹ̀. Ó fi ohùn sílẹ̀ fún Yúróòpù, ó di àsìkò mú fún ara rẹ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ohun èlò tí kì í fa ohùn lè sọ Yorùbá bí ó bá di ìlù ọ̀rọ̀ mú: gígùn àti kúkúrú rẹ̀, ìdákẹ́ rẹ̀ àti àtúnwí rẹ̀. Ohun tí Couperin ṣàlàyé ní 1716, alágídìgbo àti onígúdúgúdú ń fi ọwọ́ wọn ṣe é.

Ìwé dà?

Láàárín 1975 àti 1978, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ Scenes from Traditional Life jáde, àti Three Yoruba Songs, sónátà kejì àti Toccata and Fugue ti Bánkọ́lé. Ní 1995, IFRA ní Ìbàdàn tẹ Nigerian Art Music, ìwé Bọ̀dé Ọmọ́jọlà lórí àwọn akọrinsílẹ̀ wọ̀nyí. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìwé orin àádọ́ta ọdún sẹ́yìn kì í ṣe ohun tí a ń rí rà ní Dùgbẹ̀, iṣẹ́ àfọwọ́kọ tí a kò tẹ̀ rí sì wà lábẹ́ àánú ikán àti òjò.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí fún ọ̀dọ́ kan ní Mọníyà tàbí Lálúpọn tí ó fẹ́ kọ́ dùùrù. Bí ó bá ní fóònù àti dátà, yóò rí gbogbo ìwé harpsichord Bach àti Couperin lọ́fẹ̀ẹ́ lálẹ́ òní, nítorí pé láti 2006 ni ilé ìkàwé orin orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń pè ní IMSLP ti ń kó wọn jọ. Iṣẹ́ Bánkọ́lé kò lè wà níbẹ̀ lọ́nà kan náà. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022 dáàbò bo orin fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ọdún tí ẹni tí ó kọ ọ́ kú; nítorí náà, ti Phillips yóò wà lábẹ́ ààbò títí di òpin 2039, ti Bánkọ́lé títí di 2046, ti Sówándé títí di 2057. Òfin náà kò ṣe àìdáa. Ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ àti ẹbí ni ó ń ṣọ́. Àmọ́ ààbò láìsí àtúntẹ̀ kò yàtọ̀ sí kí a ti oúnjẹ mọ́ inú àká títí yóò fi bàjẹ́.

Ohun mìíràn wà tí ó yẹ kí a rí. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọ tí ó wà ní àgbègbè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, kíbọ́ọ̀dù oníná ti gba ipò harmonium. Harpsichord wà nínú wọn. Láti 1991 tí àwọn tí ń ṣe irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ti fi ẹnu kò lórí ètò ohùn tí a ń pè ní General MIDI, harpsichord ni ohùn keje nínú ètò náà. Ohun èlò Couperin ti dé oko Ìbàdàn, bọ́tìnì kan ni ó jẹ́. Ìwé tí ó yẹ kí ó bá a dé ni kò tíì dé.

Ìkádìí

A ti rí i pé kò sí ògiri láàárín orin àkọsílẹ̀ fún dùùrù àti ìmọ̀ àwọn onílù wa. Phillips, Sówándé, Bánkọ́lé àti Euba kò ya èdè Yorùbá ní ohùn. Wọ́n kọ́ bí ohun èlò tí kì í fa ohùn ṣe lè máa pa òwe, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó kù fún àwa tí a ń kà wọ́n. Ó yẹ kí àwọn ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka orin ní àwọn yunifásítì wa jọ lọ bá ẹbí àwọn akọrinsílẹ̀ náà, kí wọ́n gba àṣẹ, kí wọ́n sì tún ìwé wọn tẹ̀, kí àmì ohùn sì wà lórí gbogbo àkọlé àti ọ̀rọ̀ Yorùbá inú wọn. Ó yẹ kí a ṣe ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí yóò mú akọrin abúlé láti inú dò-rè-mí tí ó ti mọ̀ bọ́ sí ìlà márùn-ún, kí ọ̀nà náà má baà jẹ́ ti ọlọ́rọ̀ nìkan. Ó sì yẹ kí a lọ gba bátànì gúdúgúdú àti orin àgídìgbo sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbà tí ó ṣì wà láàyè ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, torí láti ibẹ̀ ni orin dùùrù tí a kò tíì kọ yóò ti wá. Bí a bá jẹ́ kí ọdún 2046 bá wa lójú oorun, òfin yóò ṣí ilẹ̀kùn àká fún wa, a ó sì bá a ní òfìfo.